Ẹ Bá Mi Dárúkọ Onílù Yẹn: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olólùfẹ́ orin sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀yin ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kétu wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ ti wà lójú ọ̀nà láti àárọ̀, mo mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe jìn tó, ẹsẹ̀ yín á máa rìn ire. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn yẹn, àga ṣì kù níwájú níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bọ̀, tórí ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn olórin wa tó ti lọ, àti àwa tá a fẹ́ràn wọn, bá a ṣe ń rántí wọn. Èmi kì í ṣe olórin o. Mi ò lu ìlù rí, mi ò gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rí. Etí lásán ni mo gbé wá, etí tó ti ń gbọ́rin láti kékeré ní Àtáké níbí. Àmọ́ ẹni tó ń gbọ́rin náà níṣẹ́ tiẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ n bi yín ná. Bí olórin kan bá kú lónìí, kí là ń ṣe? Ẹ dá mi lóhùn. (Ẹnì kan ní: "À ń gbé fọ́tò ẹ̀ sí status.") O ṣeun, ọmọ mi. À ń gbé fọ́tò sí status, a ó kọ RIP sí i, a ó tò ojú tó ń sunkún mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì ńkọ́? Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ńkọ́? Aṣọ ẹbí ìyàwó ti wà níbẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èèyàn ò suwọ̀n láàyè, ọjọ́ a kú là ń dère. Ère là ń sọ àwọn olórin wa dà lóòótọ́. Ère sì rèé, ó ṣeé wò, kò ṣeé gbọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.

Aránṣọ ni bàbá mi. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni tiẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀. Àpàlà ló fi ń ránṣọ. Ká ní o dúró níta o ò rí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí pẹ́dà á sọ fún ọ irú orin tó wà lórí ẹ̀rọ, bí orin bá rọ̀ ẹsẹ̀ á rọ̀, bí ìlù bá ti gbóná báyìí aṣọ á máa sáré kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́. Haruna Ishola ló ń gbé sí i láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, Àyìnlá Ọmọwúrà, Anígilájé, ọkùnrin Abẹ́òkúta. Gbogbo ohun tó ń lọ ní Nàìjíríà, ẹnu Àyìnlá la ti ń gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ka iye èèyàn níbẹ̀ ní 1973 ó kọ ọ́ lórin, àwa tá a wà níhìn-ín tí wọn ò kà wá mọ́ wọn, a mọ orin náà délẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980 ni wọ́n pa Àyìnlá ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Obìnrin aláṣọ kan tó gba ẹnubodè Ìgólò wọlé ló mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi sọ ọ́. Bàbá mi yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Abẹ́rẹ́ wà nínú apá bùbá oníbùbá, kò fà á yọ, bùbá yẹn sì rèé, ìkómọ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ti ilẹ̀kùn kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ó mú àwo jáde, ó nà án sí mi, ó ní kí n fi etí ẹ̀wù mi nù ún, bó ṣe ń yí ni kí n ṣe nù ún, kí n má fọwọ́ kan ojú ẹ̀.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ mọ̀ wá. Oníkálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Wọ́n ní ilé ọtí ló ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ti jẹ́ máníjà ẹ̀ rí ni, wọ́n ní ọ̀rọ̀ alùpùpù ló dìjà, ẹnì kan ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n ti lù ú lórí, ó fi orí ọmọ kékeré kan ṣàpẹẹrẹ. Bàbá mi ò dá wọn lóhùn. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹ gbọ́ ìlù yẹn. Ta ló ń lù ú?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo àgbàlagbà tó wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jó sí ìlù náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Adéwọlé ni. Adéwọlé Oníluọlá." Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ, pè é." Mo pè é. Ó ní kí n tún un pè. Ìgbà mẹ́ta ni mo dárúkọ onílù yẹn níwájú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Bí wọ́n ṣe pa ọkùnrin yẹn, mo máa ń gbàgbé, mo máa ń ní láti bi àwọn èèyàn léèrè. Orúkọ onílù ẹ̀, mi ò gbàgbé ẹ̀ rí. Èyí ni ọ̀rọ̀ mi lálẹ́ yìí, gbogbo ìyókù tí mo máa sọ, abẹ́ ẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ kejì. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àpàlà nìkan ni.

Ẹ rántí ọdún 2020, ọdún Kòrónà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, Manu Dibango, olórin Kamẹrúùnù, lọ. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, Tony Allen lọ ní Paris. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, Mory Kanté, akọrin ará Gínì, lọ. Oṣù méjì péré! A ò sì lè péjọ, a ò lè fọwọ́ kan ara wa, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn fi nǹkan bonu. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Fẹlá, kò sí ọmọ tí kò mọ Fẹlá, pé ó kú ní 1997. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn Fẹlá, tó jẹ́ pé ọwọ́ mẹ́rin là bá pè é tí a kò bá rí i lójú, Tony Allen, ọmọ Èkó, nígbà tó kú, mélòó nínú wa ló dá a mọ̀? Fẹlá fúnra ẹ̀ gbà pé láìsí Tony Allen kò sí Afrobeat. Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní Tony Allen ti kú, ó ní ta ni ìyẹn. Ọkùnrin tó ti ń jó sí ìlù yẹn fún ogójì ọdún! Inú bí mi, mo fẹ́ pa fóònù, àmọ́ mo rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ etí, mo gbé orin sí i, mo ní kó pa ti Fẹlá tì, kó máa tẹ̀ lé ìlù nìkan. A wà lórí ẹ̀ títí kírẹ́dì mi fi tán.

Tiwa nílé níbí náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo ti Kútọnu. 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní Fọ̀n, wọ́n kọ ọ́ ní Mínà, wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Faransé. Nígbà tí onígìtá wọn, Papillon, àti onílù wọn, Yéhouessi Léopold, kú láwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn lọ. Kò tún gbérí dáadáa títí di ìgbà tí àwọn òyìnbó wá ń wá àwọn àwo àtijọ́ kiri, 2009 ni wọ́n tó lọ ṣeré ní Yúróòpù, àwọn baba arúgbó. Mélomé Clément tó jẹ́ ọ̀gá wọn sì kú ní oṣù Kejìlá 2012. Ó dùn mí, mo máa sọ ọ́, pé àwọn àlejò ló kọ́kọ́ bi wá léèrè orúkọ onígìtá wa. Àwa la ni í, àwọn ló ń bi wá, a ò sì lè dáhùn.

Mo tún fẹ́ dárúkọ Síkírù Àyìndé Barrister níbí kíákíá, tórí mo rí àwọn onífújì tó jókòó lápá ọ̀tún yẹn. London ló kú sí, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2010. Ẹ mọ̀ pé inú wéré ni fújì ti jáde, orin táwọn ọmọ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń lu agolo kọjá lójú ilé mi nínú ààwẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, tí àwọn kan ń ṣépè lé lórí, èmi kì í ṣépè. Mo máa ń ṣí fèrèsé.

Ó yá, ẹ jẹ́ á wọ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ kẹta, inú takisí ló ti ṣẹlẹ̀.

Oṣù Kẹjọ 2004 ni. Gnonnas Pedro, akọrin wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Kútọnu, ọjọ́ 12 oṣù náà, ẹni ọdún 61. Lokossa ni wọ́n bí i sí. Òun ló lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin Africando ní 1995, nígbà tí Pape Seck tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọn kú, ẹ rí i pé ipò òkú ló lọ dúró sí, ó sì kọ ọ́ débi tí àwọn ará Amẹ́ríkà Gúúsù fi ń jó sí i. Mo ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èèyàn mẹ́fà la jọ há mọ́ ara wa nínú takisí, dẹrẹba sì gbé e sí rédíò. A dé Sèmè kó tó di pé ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan tó jókòó mọ́ mi, agbọ̀n wà lórí itan ẹ̀, ló kọ́kọ́ gbè é, ní Mínà. Lẹ́yìn ìyẹn orin wọnú Yorùbá, mo gba tèmi. Ọmọkùnrin kan tó wà níwájú, tí mo rò pé ó ń sùn, ó gba Sípáníìṣì yẹn, ó sì hàn pé kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Dẹrẹba ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìdarí ọkọ̀. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ odindi orin náà. Oníkálukú mọ apá tiẹ̀. Nígbà tá a débi tí mo ti fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ìyá yẹn ní, "Ẹ kú ìdárò o," bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ló kú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà." A ò mọra wa rí, a ò tún fojú kanra wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé àwọn kan máa ń sọ fún wa pé Àyìnlá kì í ṣe tiyín, Barrister kì í ṣe tiyín, ti Nàìjíríà ni, àwọn mìíràn á ní Gnonnas Pedro kì í ṣe Yorùbá, kí ló kàn yín. Ta ló fa ààlà sáàárín etí? Orin gba Ìgólò kọjá láìfi káàdì hàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo dé ọ̀dọ̀ yín wàyí. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ.

Oṣù Kẹsàn-án 2023. Mohbad, akọrin ọmọ Nàìjíríà. Ìléríolúwa Ọládiméjì Alọ́ba, ẹni ọdún 27. Ó kú ní ọjọ́ 12, wọ́n sin ín ní ọjọ́ 13, ọjọ́ 21 wọ́n ti hú u jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ mi obìnrin kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Mo bá a wí, mo ní ọmọ tí o ò rí rí, tí kò mọ̀ ọ́, kí lò ń sunkún sí. Kò fèsì. Ohùn ìyá mi ni mo kàn gbọ́ láti yàrá, ó ní, "Ṣé o ti gbàgbé bí bàbá rẹ ṣe pa bùbá ìkómọ tì?"

Ojú tì mí. Mo wọlé tọ ọmọ náà lọ, mo jókòó sílẹ̀, mo ní kó gbé orin náà sí i kí n gbọ́. Mi ò lóye gbogbo ẹ̀. Mo kàn gbọ́ ohùn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀, tó ń tọrọ ìmọ́lẹ̀, abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Ìmọ́lẹ̀. Mo bi í pé ta ló ṣe ìlù orin yìí fún un. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní òun á wá a. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi nídìí oúnjẹ, ó dárúkọ èèyàn mẹ́ta fún mi, ó sì jẹun.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí nínú jẹ́ rèé, mi ò lè má sọ ọ́. Àwọn tó ń gbé fídíò òkú ọmọ náà kiri láti fóònù dé fóònù, tí wọ́n ní nítorí ìfẹ́ ni. Ẹ rántí DJ Arafat, olórin Ivory Coast, ní Abidjan, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2019 ló kú, bí wọ́n ṣe sin ín tán báyìí, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ ṣí sàréè, wọ́n ṣí pósí, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni. Ìfẹ́ ni? Mi ò ní sọ pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ìfẹ́ tó wà lójú nìkan ni, kò tíì dé etí. Bí ojú bá ń wá òkú, etí ò ní gbọ́ orin mọ́. Àwọn tó tún ń pa àwọn tó wà láàyè lórí fóònù ńkọ́, àgbà olórin á jókòó sílé ẹ̀ láàárọ̀ tó ń mu ẹ̀kọ, àwọn ọmọ ẹ̀ á máa gba ìpè ìbánikẹ́dùn? Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa pe ẹni tó sún mọ́ wọn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù, Kétu ló wà.

Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ ó bá mi jẹ́rìí. Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí Ẹ̀fẹ̀, akọrin inú agọ̀, tó kọ orin kankan, kó tó bú ẹnikẹ́ni, kó tó yin ẹnikẹ́ni, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? (Àwọn èèyàn: "Ìbà!") Ẹ káre. Ìbà ni. Á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àwọn òkú ọ̀run, á sì júbà àwọn tó ti wọ aṣọ yẹn kọrin ṣáájú ẹ̀, lórúkọ lórúkọ. Ayé mọ̀ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, UNESCO kéde ẹ̀ ní 2001, wọ́n fi í sínú ìwé wọn ní 2008, ó dáa, inú mi dùn. Àmọ́ orúkọ tí Ẹ̀fẹ̀ ń pè lóru yẹn, ṣé ìwé UNESCO ló wà ni? Ẹnu ni. Bí ẹnu bá dákẹ́, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan, ó gba ohùn Ẹ̀fẹ̀ kan sílẹ̀ ní Kétu lóru, akọrin náà ti dolóògbé báyìí. Ìdajì wákàtí gbáko, ìbà ni. Ó pe àwọn tó ṣáájú ẹ̀, ó sọ ilé tí wọ́n ti wá, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi lókìkí. Èmi ni wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà jogún fún. Mo ti ṣẹ́ eyín méjèèjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé béèyàn bá ti ṣẹ́ ẹ, wọn ò lè gba nǹkan míì lé e mọ́. Ẹnì kan ní kí n yá òun kí òun dà á kọ. Mo yá a. Ó lo oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó dá a padà, mo rí bébà kékeré tí wọ́n ká, tí wọ́n kì bọ ibi eyín tí mo ṣẹ́. Àyà mi já. Mo fi í sí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, ó ń pe orúkọ kẹta lọ́wọ́, ó ní "Ọmọ..." ohùn bá gé, mo wá ń gbọ́ ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù ní Faransé.

Ọmọ ta ni? Mo ti lọ sí Kétu lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti bi àwọn àgbà. Méjì nínú wọn fún mi ní orúkọ méjì tí kò bára mu. Ẹni kẹta, tí wọ́n ní òun ló mọ̀ ọ́n dájú, ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ ni wọ́n sin ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi díẹ̀.

Ó dáa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ ní fóònù, fóònù tó ń gba ohùn, tí ẹnikẹ́ni ò lè ki bébà bọ̀. Ẹ̀yin àgbà lẹ ní orúkọ. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ má sọ ọ́ nù nítorí pé ẹ̀rọ tó ń lò ó ti bàjẹ́, àwọn kan ṣì wà ní Àjàṣẹ́ níbí tó lè tún un ṣe, mo mọ ilé wọn, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ tá a bá ṣe tán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sí status nígbà tí olórin bá kú, ẹ kọ ọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ ọ́, ẹ kàn bá mi fi ibi tẹ́ ẹ wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orin ẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ fi orúkọ onílù sí i, orúkọ ẹni tó ń gbè é, orúkọ ẹni tó gba ohùn sílẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ mọ́. Mo rí bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn, lẹ́bàá òpó yẹn, tó dé fìlà funfun. Àwọn ọmọ ò mọ̀ wọ́n. Ìlù ni wọ́n ń lù ní ìlú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, Àjàrá ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìlù wọn, gbogbo ìkómọ àti ìsìnkú tí mo lọ ní kékeré, ọwọ́ wọn ni. Àwọn márùn-ún ni wọ́n jọ ń lù ú, àwọn nìkan ló kù.

Bàbá, ẹ má bínú pé mi ò bi yín ṣáájú. Ọmọ, gbé máíkù yẹn lọ fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbà á. Bàbá, àwọn mẹ́rin yòókù, ẹ bá wa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra pè wọ́n.